Omi Ò Tíì Gbó: Ayé Mi Nídìí Ẹja Àwo

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa kọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi, bóyá ẹ ó rí èyí tẹ́ ẹ máa sá fún. Àwọn àgbà tó kù máa sọ fún yín pé ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ á jèrè ẹ̀. Èmi náà tẹpá mọ́ṣẹ́. Ọ̀pá ló kán. Gàníyù lorúkọ mi, ará Ìkirè ni mí, mo sì fi gbogbo ọjọ́ ayé mi l'Ékòó tọ́jú ẹja tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ.

Ẹja inú gíláàsì ni mò ń wí, èyí táwọn olówó ń gbé sí pálọ̀ kí àlejò lè rí nǹkan wò kí oúnjẹ tó jinná. Oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló gba ayé mi lọ́wọ́ mi. Òyìnbó ń pè é ní dísíkọ́ọ̀sì. Àwa ń pè é ní ẹja àwo, torí ó rí roboto, ó sì fẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwo ìjẹun. Ó ní pupa lára, ó ní àwọ̀ aró, ó tún kọ ilà. Ẹwà ẹ̀ ò láfiwé, ìyọnu ẹ̀ náà ò láfiwé. Tó o bá gbá ilẹ̀kùn nítòsí ẹ̀, ó lè torí ẹ̀ má jẹun dọ̀la. Mo ti bá ìyàwó olówó gbé ilé rí, wọ́n rọrùn jù ú lọ.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù tuù, mi ò mọ̀ bóyá fọ́ọ̀mù tuù mọ̀ pé mo wá. Àbúrò ìyá mi tó ń wakọ̀ l'Ágboju ló fà mí lé Ọ̀gá Lámídì lọ́wọ́. Nǹkan bí ọdún 1980 ni. Owó wà níta nígbà yẹn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Festac ń ra ohun tí wọ́n fẹ́ àtohun tí wọn ò fẹ́. Àwọn kan nínú wọn ra ẹja.

Ọ̀gá Lámídì ti bá òyìnbó kan tọ́jú ẹja l'Ápápá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú ẹ̀, ó fi ìmọ̀ sílẹ̀ fún Ọ̀gá, ó sì fi ìbínú ẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀gá gùn, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà l'Ágboju, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ọ̀jọ́, a jọ pín ògiri pẹ̀lú Bọ̀dá Sàká tó ń lẹ táyà. Bọ̀dá Sàká ní ẹnu ju afẹ́fẹ́ tó ń fọ́n sí táyà lọ.

Ọjọ́ kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá fi táńkì gíláàsì kan hàn mí.

"Gàní, tìẹ nìyẹn. Pọn omi sí i."

Mo pọn ọ́n kún. Mo nu ọwọ́, mo ní, "Ọ̀gá, ẹja wo ni kí n kó sí i?"

"Ta ló pe ẹja? Omi ni kó o máa tọ́jú."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ọkùnrin náà ò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣàwàdà. Bí mo ṣe ń tọ́jú omi lásán nìyẹn. Láàárọ̀ mo máa fa díẹ̀ jáde nínú ẹ̀, mo máa fi òmíràn rọ́pò. Mo máa fọwọ́ kan ara gíláàsì bóyá ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo máa gbóòórùn ẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná. Bọ̀dá Sàká á na ọrùn wo ọ̀dọ̀ wa, á ní:

"Gàní, ẹja dà?"

"Kò tíì sí, Bọ̀dá Sàká."

"Ta wá lò ń pààrọ̀ omi fún? Ṣé omi ló ń wẹ omi ni? Ọmọ Ìkirè, o fi dòdò sílẹ̀ nílé, omi lásán ni wọ́n wá fà lé ẹ lọ́wọ́ níbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo lọ bá Ọ̀gá pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò wojú mi. Ó ní, "Tó bá tún bi ẹ́, sọ fún un pé omi ò tíì gbó."

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja àwo nínú ilé ẹ̀ lónìí náà, ibẹ̀ náà ló máa gbà. Omi tuntun ò mọ ẹja. Tí ẹja bá ṣu sínú ẹ̀, ìgbẹ́ náà á di májèlé. Àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tójú ò lè rí, tí wọ́n ń jẹ májèlé yẹn. Àwọn yẹn ò sì ṣeé rà lọ́jà, fúnra wọn ni wọ́n ń wá, díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi ara òkúta àti fóòmù ṣe ilé. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ tó ni omi tó gbó. Ẹni tó bá kó ẹja àwo sínú omi tí ò tíì gbó, òkú ló ń rà. Ọ̀gá ní èèyàn kì í sin ẹja, omi lèèyàn ń sìn, ẹja kàn ń gbé inú ẹ̀ ni.

Omi náà tún ní ẹ̀yà. Ti ẹ̀rọ ní kẹ́míkà, àfi kó o tú u sí dúróòmù, kó o ṣí i sílẹ̀ títí òórùn ẹ̀ á fi lọ. Ti kànga àdúgbò wa pọ́n, ó tún níyọ̀. Omi òjò ni ẹja àwo fẹ́, torí ó rọ̀. A máa wá kó ewé gbígbẹ igi fúrúùtù, èyí tó máa ń ṣíji bo iwájú ilé, a máa rẹ ẹ́ sínú ẹ̀ títí omi á fi pọ́n bíi tíì. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ìyá kan ní Festac sọ fún mi pé òun ra ẹja, a wá ń fún un lágbo bí ẹni tó nibà.

Ẹ má ra ẹyọ kan o. Ẹyọ kan á kárísọ títí á fi kú. Ẹ ra ọ̀wọ́ kan lọ́mọdé, kí wọ́n jọ dàgbà, tó bá yá wọ́n á yan ara wọn lọ́kọ láya, ẹ ò ní í bá wọn wá alárinà. Ẹ jẹ́ kí omi wọn lọ́wọ́ọ́wọ́. Lásìkò ọyẹ́, tíná bá lọ, bùláńkẹ́ẹ̀tì mi ló ń bo táńkì, èmi á wá máa gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ewé. Oúnjẹ wọn, ọkàn màlúù ni. A máa yọ gbogbo ọ̀rá ẹ̀, a máa gé e wẹ́wẹ́ bí ata. Nígbà tí mo délé tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi, ó wò mí títí.

"Gàní, ẹ̀ ń bọ́ ẹja lẹ́ran?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ta wá ló ń jẹ ẹja?"

"A kì í jẹ ẹ́."

 Ìyá mi wá bi mí bóyá Ọ̀gá mi ní ẹbí kankan tó lè bá a dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò bá lè ṣàlàyé fún ìyá yín, ẹ rò ó dáadáa.

Ti ọwọ́ ló le jù lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ọwọ́ tó bá máa wọ omi ò gbọdọ̀ ní ọṣẹ, kò gbọdọ̀ ní ìpara, kò gbọdọ̀ ní òrùka. Ó máa ń gbóòórùn ọwọ́ mi bí ajá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Tó bá gbóòórùn ọṣẹ, ìgbátí ló tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ táńkì, kọ́bọ̀ pupa kan fẹ́ já bọ́ lápò àyà mi. Ọ̀gá há a. Kò lù mí. Ìgbà tí ò bá luni gan-an ló burú. Ó bu omi sínú abọ́, ó kó ẹja wẹ́wẹ́ kan sí i, irú èyí tí ara ẹ̀ le bí ara ọmọ ìta, ó wá ju kọ́bọ̀ mi sí i.

"Jókòó tì í."

Mo jókòó. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ẹja náà ti ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀ bí ẹni tó sáré gun òkè. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti léfòó.

"Bàbà ló wà nínú kọ́bọ̀ yẹn," Ọ̀gá ní. "Bàbà àti ẹja ò jọ gbélé. Èyí tí ara ẹ̀ le nìyẹn o. Ẹja àwo ò ní dúró gbọ́ parí."

Mo gbọ́. Látọjọ́ yẹn, mi ò ki owó ẹyọ sápò mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kì í kúkú ṣe pé owó ọ̀hún pọ̀.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́yìn náà. Ológun gbàjọba, ọjà òkèèrè dẹ́kun, náírà wá ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Ọkọ̀ òfuurufú ni ẹja àwo ń wọ̀ wá, nínú ọ̀rá, kò sì sẹ́ni tó máa wá gbà kí wọ́n fi owó ìlú ra ẹja inú gíláàsì. Èyí tó wà nílẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ń lọ, pọ́ǹpù ń kọṣẹ́, ẹja ń kú. Nígbà tó yá, takọtabo kan péré ló kù lọ́wọ́ wa, àwọn tó yan ara wọn.

Ọ̀gá gbé wọn lọ sílé Àlàájì Múfú, ní ẹ̀sítéètì Amúwo. Ọmọ onílẹ̀ ni Àlàájì, èèyàn dáadáa, ó ní jẹnẹrétọ̀ tó ń dún tọ̀sán tòru. Àdéhùn wọn ni pé ẹja á máa gbé pálọ̀ Àlàájì, iná Àlàájì á máa mú omi wọn lọ́wọ́ọ́wọ́, èmi á máa wá tọ́jú wọn lójoojúmọ́. Ọ̀gá dojú ìkòkò amọ̀ kan dé sínú omi kí wọ́n lè yé sí i lára. Wọ́n yé, wọ́n jẹ ẹyin wọn. Wọ́n tún yé, wọ́n tún jẹ ẹ́. Ọ̀gá fi aṣọ dúdú bo ẹ̀gbẹ́ táńkì kí ojú má baà tì wọ́n. Wọ́n tún yé, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n pa á, ọmọ jáde.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti dàgbà, mo ti rí nǹkan díẹ̀, mi ò rí irú ẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ náà kéré bí abẹ́rẹ́. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìyá wọn, wọ́n ń jẹ nǹkan kan tó ń yọ̀ lára ẹ̀. Tó bá rẹ ìyá, á gbọn ara ẹ̀ fìrì, gbogbo ọmọ á ṣí lọ sára bàbá. Àwọn méjèèjì ló ń fọ́mọ lọ́yàn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Àlàájì, gbé àga wá síwájú táńkì, wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Gàní, bàbá náà ń fọ́mọ lọ́yàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

"Àlàájì! Wá wo ẹja tó mọ iṣẹ́ bàbá jù ẹ́ lọ!"

Lọ́jọ́ yẹn ni Ọ̀gá fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Gàní, a ò lè ra òmíràn mọ́ láyé. Táwọn ọmọ yìí bá dàgbà, a ní iṣẹ́, èmi àti ìwọ. Tí wọ́n bá lọ, àwa náà lọ nìyẹn." Ó wá ṣe ohun kan tí mi ò rí i kó ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó Àlàájì bímọ obìnrin.

Ọ̀gá bẹ Àlàájì pé kí ìkómọ má wọ pálọ̀ o, Àlàájì sì gbà. Wọ́n ta ìbòrí síta, wọ́n to àga sábẹ́ ẹ̀, wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀ níwájú Àfáà, èyí tí mọ̀lẹ́bí máa ju owó sí kí wọ́n tó pe orúkọ tí wọ́n fún ọmọ. Èmi dúró ti táńkì. Bí àdúrà ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òjò ṣú. Inú Ọ̀gá dùn. Omi òjò ni àwọn ọmọ ẹja fẹ́, dúróòmù wa l'Ágboju sì ti gbẹ. Ó ní, "Gàní, dúró tì wọ́n," ó sá lọ ṣí dúróòmù sílẹ̀ fún òjò.

Òjò náà dé. Atẹ́gùn gbé ìbòrí, ó ya lu àga, abọ́ omi dojú dé. Gbogbo ayé sì ya wọ pálọ̀.

Mo na ọwọ́ méjèèjì bo iwájú táńkì bí ẹni ń dá màlúù padà. Àfáà ń béèrè abọ́ mìíràn, wọ́n ń wá a kiri. Ìyá Àgbà dìde lórí àga wọn.

"Abọ́ wo lẹ tún ń wá? Kì í ṣomi lẹ̀ ń wò yìí? Omi tó ní ìyá, tó ní bàbá, tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ nínú. Èwo ló tún sàn jùyẹn lọ láti fi sọ ọmọ lórúkọ?"

"Òótọ́ ni, Ìyá!" ni gbogbo ilé ní.

Wọ́n ṣí ọmọrí táńkì. Owó ẹyọ wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá Àgbà, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kówó wọ ibẹ̀!"

"Kí ló dé, Gàní?"

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ há mi sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju pé owó yẹn máa pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń dárúkọ ikú níbi ìkómọ? Ọmọ tuntun wà níbẹ̀ nínú òjá, Àfáà wà níbẹ̀, àwọn àgbà ìdílé jókòó yí ká. Mo wá ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn tí kì í ṣe òun. Ìwé fọ́ọ̀mù tuù mi ò ràn mí lọ́wọ́.

"Ìyá, ara... ara wọn ò ní yá tí..."

"Ara wọn á yá!" Ìyá Àgbà gbà á lẹ́nu mi. "Ara ìyá ẹja á yá, ara bàbá ẹja á yá, ara ọmọ tiwa náà á yá!"

"Àmín!"

"Wọn ò ní í ṣòfò ọmọ!"

"Àmín!"

Àfáà ṣe àmín. Àlàájì ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Ẹ̀yin, kí lẹ ò bá ṣe?

Owó Ìyá Àgbà bọ́ sómi, ó ń yí lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n pe orúkọ ọmọ: Ráṣídá. Ẹ̀gbọ́n Àlàájì tẹ̀ lé wọn, tiwọn pupa fòò. Ìyàwó ilé tẹ̀ lé e, ará àdúgbò tẹ̀ lé e, kálukú pẹ̀lú orúkọ àti kọ́bọ̀ ẹ̀. Mo rá lọ sétí Àlàájì pé kí wọ́n jẹ́ kí n kó o. Ó fọwọ́ lé mi léjìká jẹ́jẹ́.

"Fi sílẹ̀, Gàní. Owó àdúrà ni. Tálejò bá lọ tán, ìyá ọmọ ló máa kó o. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ẹja àwo tí inú ẹ̀ bá bàjẹ́, dúdú ló ń dà. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dúdú. Lẹ́yìn mi, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òjò ń rọ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára ìyá wọn. Ìyá gbọn ara ẹ̀ kí wọ́n lọ bá bàbá. Bàbá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gá dé, aṣọ ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ojú ẹ̀ ń dán.

"Gàní! Gbogbo dúróòmù ló kún!"

Ó wá rí mi. Ó wo táńkì. Ó wo owó nílẹ̀ táńkì. Mo dúró kó gbá mi, mo tiẹ̀ gbé etí síwájú fún un.

"Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ?"

"Wọ́n ti sọ ọ́, Ọ̀gá."

"Kí ni wọ́n pè é?"

"Ráṣídá."

"Orúkọ dáadáa ni." Ó ki ọwọ́ bọ inú omi tòun ti aago ọwọ́ àti ẹrẹ̀ Agboju, ọwọ́ tí ò fọ̀. "Ìwọ náà ṣe àmín?"

"Mo ṣe é."

"Ta ni ò ní ṣe é," ló wí.

Nígbà tálejò lọ tán, a kó owó fún ìyá ọmọ, a gbé omi òjò wá, a pààrọ̀ omi títí apá wa fi kú. Bàbá ló kọ́kọ́ lọ. Ìyá wọn pẹ́ díẹ̀ sí i, ó ń gbọn ara ẹ̀ fìrì, fìrì, kò sì sẹ́ni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sì sọ́mọ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó. Wọn ò wo ojú mi.

"Gàní, ṣé owó yẹn ni?"

Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún mi lójú ọ̀nà. Ó ní ọmọ kankan ò gbọdọ̀ dàgbà kó gbọ́ pé ọjọ́ orúkọ òun ni nǹkan kú. Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ẹja òyìnbó ni, kò lágbára." Wọ́n mi orí. Mi ò rò pé wọ́n gbà mí gbọ́. Wọn ò jókòó sórí àga yẹn mọ́.

Ọ̀gá ò bínú sẹ́nikẹ́ni, ìyẹn ló sì pa á. Ó ta ṣọ́ọ̀bù. Ìyá oníbúrẹ́dì kan l'Ágboju ló ra àwọn táńkì, ó to búrẹ́dì sí wọn kí eṣinṣin má bà á. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń kọjá, búrẹ́dì á máa wò mí látinú ilé ẹja. Ọ̀gá padà sílùú ẹ̀, kò sì pẹ́ níbẹ̀ tó fi kú. Èmi dúró. Mo ń wọ ilé kiri ní Festac, mò ń fọ táńkì ẹja pupa, ẹja ọmọ ìta, ẹja tí kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn kó ẹja dà nù, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀. Mi ò tún rí ẹja àwo tọ́jú mọ́. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi wà nínú mi, bí oúnjẹ tí wọ́n sè fún àlejò tí ò wá.

Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan wá mi wá nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi. Arẹwà, ara ẹ̀ le, ó ń rẹ́rìn-ín. Ráṣídá kọ́ lorúkọ ẹ̀ gan-an, mo yí i padà kó má baà mọ ara ẹ̀ níbí.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń tọ́jú ẹja ìyá wa àgbà nílé wa. Wọ́n ní ẹja yẹn ń fọ́mọ lọ́yàn. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo wo ojú ẹ̀ dáadáa. Ara ẹ̀ yá lóòótọ́. Nínú gbogbo àmín ọjọ́ yẹn, ó kéré tán ọ̀kan gbà.

Mo ní kó gbé táńkì wá sọ́dọ̀ mi, kí n bá a mú omi ẹ̀ gbó, torí kò síbi tó ti lè gbe omi òjò nílé ẹ̀. Ó gbé e wá, tuntun, ó ń dán. Mo pọn omi òjò sí i, mo ṣa ewé fúrúùtù sí i. Kí omi tó gbó, ìwé ìrìnnà ẹ̀ jáde, ó bá ọkọ ẹ̀ lọ sókè òkun. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o, mò ń bọ̀." Kò tíì bọ̀.

Táńkì náà wà nínú yàrá mi. Láàárọ̀ mo máa fa díẹ̀ jáde, mo máa fi òmíràn rọ́pò. Mo máa fọwọ́ kan ara gíláàsì. Bọ̀dá Sàká ṣì wà láyé, ojú ẹ̀ ti ń lọ, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ táńkì, ó fi imú kan gíláàsì.

"Gàní, ẹja dà?"

Mo ní, "Omi ò tíì gbó."

Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rín in. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, àwa méjèèjì ń wo omi.